Níbo Ni Ká Gbé Àpilẹ̀kọ Wa Sí?

Láti bí oṣù mẹ́ta ni àwọn kan nínú yín ti ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn pé, "Pásítọ̀, kí ló dé tí a ò rí àpilẹ̀kọ yín lórí fóònù mọ́?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní à ń ṣe é lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé à ń ṣe é lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ nìyẹn. Ìgbà mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn wa ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, nínú ilé kan nítòsí Forces Avenue níbí. A jiyàn, a jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú búrẹ́dì, a tún jiyàn. A ti wá fẹnu kò sórí ọ̀nà kan báyìí. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ èyí tí a yàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ̀bi tèmi pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ mọ bí ìjọ wa ti rí. Ọmọ Yorùbá tó bá wà ní Port Harcourt, iṣẹ́ ló sábà máa ń gbé e wá, iṣẹ́ náà ló sì tún máa gbé e lọ. Ẹni tó jókòó lórí àga kejì láti iwájú lónìí, kí ọdún tó yí po, wọ́n ti gbé e lọ sí Warri tàbí Èkó. Òmíràn á bá ara rẹ̀ ní Houston tàbí Aberdeen. Ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà kì í tẹ̀ lé wọn débẹ̀, owó títẹ̀ rẹ̀ sì ń gòkè lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àpilẹ̀kọ wa sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2018.

A ò ronú púpọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọmọ dáadáa, ló ní òun máa bá wa ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá ènìyàn pín ohun tó bá kọ. Ó lo ímeèlì tirẹ̀, ó lo nọ́ńbà fóònù tirẹ̀, ó gbé àwòrán èmi sókè. Láàárín wákàtí kan, ó ti parí, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Mo gbàdúrà fún un. Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, bí o bá lọ ńkọ́?

Kí n má purọ́ fún yín, àwòrán yẹn dùn mọ́ mi. Mo máa ń jí lóru láti wo iye ènìyàn tó ti ka tèmi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì tí mo ti gba díplọ́mà, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń pèsè ìwàásù, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń sìnkú, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ka owó ìjọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tí iye òǹkàwé lè ṣe sí ọkàn pásítọ̀.

Ọmọ náà lọ sí Kánádà ní 2021. A ṣe ìdágbére fún un, a jẹ ìrẹsì. Láìnì tó ń lò níbí, ó yọ ọ́ kúrò nínú fóònù rẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé láìnì tí a kò bá lò fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ fóònù lè gbà á padà kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Àwa ò tilẹ̀ fura, nítorí pé àkáǹtì náà ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, a kàn ń kọ nǹkan síbẹ̀ lọ. Àfi lọ́jọ́ tí iná dé pẹ̀lú agbára tó ju agbára lọ, tí kọ̀ǹpútà náà jóná. A ra òmíràn. A fẹ́ wọlé, wọ́n ní àwọn máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí a fi ṣí àkáǹtì.

Mo pe nọ́ńbà náà. Obìnrin kan ló gbé e. Mo fi pìjìn ṣàlàyé fún un pé pásítọ̀ ni mí, pé kóòdù kan ń bọ̀ lórí fóònù rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kó bá mi kà á. Háà! Ẹ̀yin ará, èébú tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò rò pé mo gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí jẹ pásítọ̀. Ó ní olè ni mí. Ó ní àwọn bíi tèmi ni báńkì kìlọ̀ fún àwọn pé wọn ò gbọdọ̀ ka kóòdù fún. Ó sì tọ̀nà. Bí ọ̀kan nínú yín bá ka kóòdù fún ẹni tí kò rí rí, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ bá a wí. Mo tún gbìyànjú láti wọlé títí, mò ń tẹ páswọ́ọ̀dù tí mo rò pé ó lè jẹ́, títí ilé-iṣẹ́ náà fi rò pé olè ń fọ́lé. Wọ́n ti àkáǹtì náà pa. Gbogbo ojú-ewé wa pòórá, àpilẹ̀kọ ọdún márùn-ún.

Ì bá ṣe pé ìwàásù tèmi nìkan ló wà níbẹ̀, mi ò bá má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá wa kan papò dà. Púpọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ní 1971, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó sì ta ọjà ní Mile One títí eegun rẹ̀ fi kọ̀. Ní 2019, mo jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta, ó ń sọ̀rọ̀, mò ń kọ ọ́. Ó sọ bí ó ṣe pàdánù ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Ó sọ̀rọ̀ ìyàwó tó kú fún un, èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí. Ó ní kí n kọ ọ́, pé òun ò lè fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún wọn. Mo kọ ọ́ lóòótọ́. Tààrà sínú àkáǹtì yẹn ni mo tẹ̀ ẹ́, mi ò ní ẹ̀dà kankan. Ìwé tí mo kọ́kọ́ fi báírò kọ, mo ti jù ú nù, mo ní ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni mo tún ń fi bébà kún ilé sí?

Àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n fẹ́ kà á níbi àìsùn.

Màmá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló yọ wá. Ó ti da àpilẹ̀kọ náà kọ láti ojú-ewé wa nígbà náà, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp, ọmọ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ fi sí gúrúùpù. Nígbà tí a fi máa rí i padà, orúkọ mi ti kúrò lórí rẹ̀, ìyẹn kò dùn mí. Àmì ohùn ti di àmì ìbéèrè káàkiri. Apá àárín, níbi tí Bàbá ti sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, ti já dànù. Ẹnì kan sì ti fi kún un ní ìsàlẹ̀ pé kí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ìròyìn ayọ̀ lè kàn wá. Èyí tó kù ni a kà. Àkọ́bí Bàbá, obìnrin, béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà pé, "Daddy, ṣé ibi tí Bàbá sọ̀rọ̀ dé nìyẹn?" Mo sọ fún un pé rárá. Mo gbìyànjú láti fi orí sọ èyí tó kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi ni mò ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Bàbá. Nígbà tí ọba Jèhóíákímù sun ìwé Jeremáyà nínú iná, Jeremáyà tún ìwé náà sọ fún Bárúkù, ó sì kọ ọ́ padà. Jeremáyà ṣì wà láyé láti tún un sọ. Bàbá wa kò sí láyé mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò lórí ilé-iṣẹ́ tí a máa lò, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ̀rọ̀ nípa èyí tó rẹwà, tó yára, tí àwọ̀ rẹ̀ dára. Ọkàn tèmi wà lórí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti bóyá a lè kó ẹrù wa jáde lọ́jọ́ tí ilé bá wó.

Ilé sì máa ń wó. Ní Abẹ́òkúta, ní 3 December 1859, Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́ ti ìjọ, kò sí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kankan tó lè tì í. Síbẹ̀, ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò nílùú, wọ́n ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì dópin. Èyí tó kù fún wa lónìí ni èyí tí àwọn ènìyàn ti kó pamọ́ síbòmíràn. I. B. Thomas gbọ́n ní tirẹ̀. Ó kọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, díẹ̀díẹ̀ bíi lẹ́tà, gbogbo Èkó ń kà á. Nígbà tó parí, kò fi í sílẹ̀ sínú ìwé ìròyìn tí wọ́n máa fi di àkàrà, ó kó o jọ, ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1930. Kódà ní Port Harcourt wa yìí, Nnamdi Azikiwe dá Eastern Nigerian Guardian sílẹ̀ ní 1940. Azikiwe Road ṣì wà, ẹ ń gbà á kọjá. Ẹ wá ìwé ìròyìn náà lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ lọ́la, ká wò ó.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sàn ju ìyẹn lọ. GeoCities tì ní 2009. Google lágbára tó, síbẹ̀ wọ́n ti Google+ ní 2019. Nílé wa níbí, OkadaBooks tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà fi ń ta ìwé wọn lórí fóònù, tìkùn ní 30 November 2023. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà á wà, ọ̀nà ni ìjọba á dí: láti June 2021 títí di January 2022, ẹni tó ń pín ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Twitter ní Nàìjíríà, ó di ẹni tó ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn tí a gbé yẹ̀ wò. Facebook, a ò pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé níbẹ̀ á kọ́kọ́ kọjá láàárín ijó, ìjà àti ìpolówó, Facebook ló sì ń yan ẹni tó máa rí ohun tí o kọ.

WhatsApp ni gbogbo yín fẹ́, mo mọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ wà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Gúrúùpù lè gba ènìyàn 1,024, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló máa rí nọ́ńbà ara wọn, kí o tó gbé àpilẹ̀kọ kan síbẹ̀, "ẹ kú àárọ̀" ọgọ́ta ti bò ó mọ́lẹ̀. Bírọ́ọ́díkáàsì kò ní ariwo, kálukú ló máa rí i lọ́tọ̀ bíi lẹ́tà tirẹ̀. Ènìyàn 256 ni òté rẹ̀ fún líìsì kan, ẹni tí kò bá sì tọ́jú nọ́ńbà ìjọ sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. (Àwọn tó ń sọ pé àwọn kì í rí ìkéde ìjọ, ẹ lọ wo fóònù yín kẹ́ ẹ tó bá akọ̀wé jà.) Chánẹ́ẹ̀lì ń kọ́? Ó dára fún ẹni tó fẹ́ bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e jáde, wọ́n sọ pé àwọn ò ní tọ́jú ohun tó wà níbẹ̀ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, ìwọ tó ni ín kò sì ní mọ nọ́ńbà àwọn tó ń tẹ̀ lé ọ. Ọgbọ̀n ọjọ́! Bàbá tó lo àádọ́ta ọdún nílùú yìí, kí ìtàn rẹ̀ lo ọgbọ̀n ọjọ́?

Nǹkan tó fẹ́ tú ìgbìmọ̀ ká ni àmì ohùn. Àwọn kan ní ká máa kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, pé gbogbo ènìyàn ló máa gbọ́ ọ. Mo kọ gbólóhùn kan fún wọn: "Ọkọ mi gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀." Mo ní kí wọ́n yọ àmì rẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀. Ó di "Oko mi gbe oko sinu oko," ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ìkà lè kà á sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò yẹ ẹnu pásítọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àríyànjiyàn parí. Gbólóhùn yẹn la wá fi ń dán gbogbo ilé-iṣẹ́ wò. Ohun tó ń fa wàhálà nìyí: kọ̀ǹpútà ní ààyè kan fún ẹ, ó ní ààyè kan fún é, ṣùgbọ́n ẹ́ tó gbé àmì sókè tó tún gbé àmì sísàlẹ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń to àmì ohùn lé e lórí. Níbi tí wọn ò bá ti ṣe é dáadáa, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ má gba ẹ̀rí ẹni tó ń polówó gbọ́ lórí èyí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù tó ti gbó jù nínú ìjọ. Fóònù ìyàwó mi ni a lò.

Ohun kan tún wà. Ẹ má fi àmì ohùn sínú àkọlé tó máa di líǹkì. Líǹkì náà á gùn bí ọ̀nà Ìkwẹ́rẹ́, ó máa kún fún àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún, àwọn àgbàlagbà á sì rò pé àrùn ló wọ fóònù àwọn.

Èyí tí a yàn nìyí. Àpilẹ̀kọ wa á máa jáde lórí Substack, tó ti wà láti 2017. Ó ń gbé e síta lórí ìkànnì fún ẹni tó bá fẹ́ ṣí i, ó sì tún ń fi í ránṣẹ́ sínú ímeèlì ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Wọn kì í gba owó bí a kò bá tà á, bí a bá tà á, wọ́n á mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n àwa ò tajà. Kì í ṣe pé ó dára jù láyé. WordPress náà ì bá ṣe é, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ṣì ń bínú pé a ò yan ìyẹn. Ohun tó jẹ́ kí n fọwọ́ sí i ni pé a lè kó orúkọ àti ímeèlì àwọn òǹkàwé wa jáde, a sì lè kó gbogbo àpilẹ̀kọ wa jáde, nígbàkúùgbà tó bá wù wá. A gbìyànjú rẹ̀ kí a tó kọ ohunkóhun síbẹ̀. A wọlé, a kó ẹrù jáde, a rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

Àwọn tí kò ní ímeèlì, ìyẹn ju ìdajì àwọn àgbà wa lọ (àwọn mìíràn ní, ọmọ tó tún fóònù wọn ṣe ló ṣí i, kò sì sẹ́ni tó mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀), bírọ́ọ́díkáàsì WhatsApp á máa gbé líǹkì náà wá fún wọn. Bébà kò ní parẹ́ pátápátá. Ogójì ẹ̀dà ni a ó máa tẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Orúkọ ìjọ ni àkáǹtì náà ń jẹ́, ímeèlì ìjọ la fi ṣí i. Mo ní kí wọ́n yọ àwòrán mi. Wọ́n lè gbé mi lọ sí ìlú mìíràn ní ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá dé lẹ́yìn mi kò gbọdọ̀ máa wá mi kiri kó tó lè wọlé. A ra láìnì kan ní orúkọ ìjọ, inú fóònù ọ́fíìsì akọ̀wé ló wà, a ó sì máa fi káàdì sí i lóṣooṣù kí wọ́n má baà gbà á fún ẹlòmíràn. Ènìyàn méjì tí kò gbélé kan náà ni páswọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ wọn. Ohunkóhun tí a bá kọ, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni a ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, a ó tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà sínú fáìlì, kó tó dé íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo ń bojú tó fáìlì yẹn, ẹ lè wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Líìsì orúkọ àti nọ́ńbà yín kò ní jáde sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, kò sì yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bákan náà ni a ò ní gbé orúkọ aláìsàn tàbí ìbéèrè àdúrà ẹnikẹ́ni síta, ìyẹn wà fún ìpàdé ọjọ́ Wednesday.

Tábìlì á wà lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ ìsinmi méjì tó ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ yín àti ti àwọn ọmọ yín tó ti lọ sílùú mìíràn. Àpilẹ̀kọ tí a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ni ti Bàbá, pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín rẹ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ tèmi dí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ẹ̀dà tó pé ju èyí tó wà lọ́wọ́ wa lọ, bóyá nínú fóònù kan tí kò lò mọ́, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá fún akọ̀wé. Àkọ́bí Bàbá ṣì ń béèrè.